Bí a ṣe ń fi táàgì wá àkóónú tó bá ara wọn tan nínú WordPress

Ẹni tó bá ń ka àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀tù lórí ìkànnì tó ń ta aṣọ kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láìrí ẹ̀tù kan ṣoṣo. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn lórí ìkànnì oníṣòwò aṣọ òkè kan tí mo bá ṣiṣẹ́. Ìkànnì náà ní apá méjì. Apá kan jẹ́ àpilẹ̀kọ: bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, èyí tó yẹ ìnáwó wo. Apá kejì ni aṣọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àti iye owó. Inú ilé kan náà ni apá méjèèjì ń gbé, wọn kò sì mọ ara wọn. Òǹkàwé á ka àpilẹ̀kọ tán, á wo ìsàlẹ̀, kò ní rí nǹkan kan, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Kóòdù tó máa tún èyí ṣe kò pọ̀. Táàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a fi ń sàmì sí ohun tí àkóónú kan dá lé, ni yóò lò. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan á kàn béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì pé, aṣọ wo ló ní táàgì tí mo ní? Ẹni tí mo kọ èyí fún ti mọ WordPress lò, kò sì bẹ̀rù àtiṣí fáìlì PHP. Ìbéèrè yẹn rọrùn láti kọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni táàgì tí wọn kò tọ́jú, àti àwọn ibi mélòó kan tí WordPress ti máa ń ṣe ohun tí a kò rò.

Ibi tí táàgì ń gbé

Àpilẹ̀kọ àti aṣọ jọ wà nínú tábìlì kan ṣoṣo ni, `wp_posts`. Òpó `post_type` ló ń sọ èwo ni àpilẹ̀kọ, èwo ni aṣọ. Orúkọ táàgì wà nínú `wp_terms`. `wp_term_taxonomy` ló mọ̀ bóyá orúkọ kan jẹ́ táàgì tàbí category (ẹ̀ka). `wp_term_relationships` wá ni okùn tó so gbogbo wọn pọ̀: ìlà kan fún àkóónú kan pẹ̀lú táàgì kan. Aṣọ tó bá ní táàgì mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta níbẹ̀.

Okùn yìí kò béèrè irú àkóónú tí wọ́n so mọ́ ọn. Táàgì "Ẹ̀tù" kan náà lè so àpilẹ̀kọ mọ́ aṣọ, kí ó sì so aṣọ mọ́ aṣọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá táàgì ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún aṣọ, kí ẹ tún ní òmíràn fún àpilẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ lo ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fún custom post type yín ní táàgì

Táàgì wọ WordPress nínú ẹ̀dà 2.3, ní ọdún 2007. Custom post type fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹ̀dà 3.0, ní 2010. Títí di òní, àpilẹ̀kọ lásán nìkan ló ní táàgì láìbéèrè. Irú àkóónú tí ẹ bá fúnra yín dá sílẹ̀ kò ní in àfi tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe kọ kóòdù yìí sínú `functions.php` theme. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá pààrọ̀ theme, gbogbo aṣọ á pòórá lójú rẹ̀, ẹ̀rù á sì bà á. Plugin kékeré ni kí ẹ ṣe. Ẹ dá àpò kan sílẹ̀ nínú `wp-content/plugins`, kí ẹ pè é ní `ile-aso`, kí ẹ sì fi fáìlì `ile-aso.php` sínú rẹ̀:

```php
<?php
/* Plugin Name: Ilé Aṣọ */

add_action( 'init', 'ile_aso_foruko_sile' );
function ile_aso_foruko_sile() {
    register_post_type( 'aso', array(
        'label'        => 'Aṣọ',
        'public'       => true,
        'has_archive'  => true,
        'show_in_rest' => true,
        'supports'     => array( 'title', 'editor', 'thumbnail' ),
        'taxonomies'   => array( 'post_tag' ),
    ) );
}
```

Ìlà `taxonomies` ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. `show_in_rest` ló ń jẹ́ kí aṣọ ṣí nínú block editor. Orúkọ post type kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ, kí ó má sì ní lẹ́tà ńlá tàbí àlàfo. Nínú orúkọ function àti ti post type, ẹ lo lẹ́tà lásán láìsí àmì ohùn. Àmì ohùn wà fún ohun tí ènìyàn máa kà.

Tó bá jẹ́ plugin ẹlòmíràn ló dá post type náà sílẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ kan fáìlì rẹ̀, nítorí update tó bá dé á pa iṣẹ́ yín rẹ́. Èyí ti tó:

```php
add_action( 'init', function () {
    register_taxonomy_for_object_type( 'post_tag', 'aso' );
}, 20 );
```

Nọ́ńbà 20 yẹn ń jẹ́ kí ó dúró kí plugin kejì ti ṣe tirẹ̀ tán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Permalinks, kí ẹ tẹ Save Changes láìyí ohunkóhun padà. Tí ẹ bá fo ibí yìí, ojú ewé aṣọ á máa sọ pé òun kò sí, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún táàgì ṣe

Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ni mo ní fún iṣẹ́ yìí, ìdajì rẹ̀ ni màá lò níbí. Kóòdù kò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà ló ń rí. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé táàgì oníṣòwò yẹn, mo bá "aso oke", "asooke" àti "aso oke ibile" tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sí àyè tirẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ohun kan náà ni. Lójú dátábéèsì, àlejò ni wọ́n sí ara wọn.

WordPress kò ní bọ́tìnnì tó ń pa táàgì méjì pọ̀ di ọ̀kan, àmọ́ ọ̀nà kan wà tí kò nílò plugin. Ní ojú ewé Tags, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ Count níwájú táàgì tí ẹ fẹ́ mú kúrò. Àkójọ àwọn tó ń lò ó á ṣí. Ẹ mú gbogbo wọn, ẹ yan Edit nínú Bulk actions, ẹ kọ táàgì tó tọ́ sínú àpótí Tags, kí ẹ sì tẹ Update. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ á kún ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kò ní pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pa táàgì burúkú náà rẹ́. Ẹ rántí pé ẹ ó ṣe é lábẹ́ Posts, kí ẹ tún ṣe é lábẹ́ Aṣọ, kí ẹ tó pa á rẹ́.

Ìṣòro kejì kò tètè hàn, bẹ́ẹ̀ òun ló burú jù. Aṣọ òkè ni gbogbo ohun tí oníṣòwò yìí ń tà, ó sì fi táàgì "Aṣọ òkè" sórí gbogbo wọn. Táàgì tó bá gbogbo ayé tan kò bá ẹnikẹ́ni tan. Tí ẹ bá fi í béèrè, gbogbo ilé ìtajà ló máa jáde. Mo ní kí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ohun tó kù ni àwọn tó ń fi ìyàtọ̀ hàn: irú aṣọ bíi sányán, àlàárì àti ẹ̀tù, ohun tí wọ́n fi ń rán bíi gèlè, fìlà, agbádá, àti ìnáwó tó yẹ fún, bí ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú. Táàgì mẹ́ta sí márùn-ún tó fún aṣọ kan.

Ẹ kọ orúkọ táàgì pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ fúnra yín kọ slug rẹ̀, ìyẹn orúkọ tó máa hàn nínú àdírẹ́sì, ní lẹ́tà lásán: orúkọ rẹ̀ "Ẹ̀tù", slug rẹ̀ `etu`. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún WordPress, lẹ́tà bíi ṣ lè di ìdìpọ̀ nọ́ńbà àti àmì nínú àdírẹ́sì, ẹni tó bá sì gba irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp kò ní mọ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbéèrè náà

Èyí ni bó ṣe rí nígbà tó kéré jù lọ:

```php
$taagi = wp_get_post_tags( $id, array( 'fields' => 'ids' ) );

$ibeere = new WP_Query( array(
    'post_type'      => 'aso',
    'tag__in'        => $taagi,
    'post__not_in'   => array( $id ),
    'posts_per_page' => 4,
) );
```

Ìlà àkọ́kọ́ gba nọ́ńbà ID àwọn táàgì tó wà lórí ojú ewé tí a ń wò. `tag__in` ní kí ó mú ohunkóhun tó bá ní ọ̀kan nínú wọn wá, ó kéré tán. `post__not_in` yọ ojú ewé náà fúnra rẹ̀ kúrò, kí aṣọ má baà máa polówó ara rẹ̀. Ẹ má gbàgbé `post_type`: láìsí i, àpilẹ̀kọ lásán nìkan ni WP_Query, ohun tí WordPress fi ń wá àkóónú, máa wá.

Ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dúró síbí. Èmi náà kọ́kọ́ dúró síbẹ̀, ó sì dójú tì mí. Àpilẹ̀kọ kan nípa aṣọ ìsìnkú wà tí kò sẹ́ni tó fi táàgì sí i. Gèlè ìyàwó mẹ́rin, tí wọ́n ń dán yinrin, ló tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà kan tó ń múra ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló pe oníṣòwò náà sí i.

Ìdí rẹ̀ rèé. Tí `tag__in` bá ṣófo, WordPress kò kà á sí "má mú nǹkan kan wá". Ó kà á sí pé ẹ kò sọ̀rọ̀ táàgì rárá, ó sì kó aṣọ tuntun mẹ́rin wá. `post__in` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. `tax_query`, ọ̀nà mìíràn tí a lè fi táàgì béèrè, kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: tí `terms` rẹ̀ bá ṣófo lábẹ́ `IN`, kò ní mú ohunkóhun wá. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ yẹ àkójọ táàgì wò kí ẹ tó béèrè. Tó bá ṣófo, ẹ padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló súnmọ́ jù?

`tag__in` kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n àti ará àdúgbò. Aṣọ tó bá yín pín táàgì mẹ́rin àti èyí tó bá yín pín ẹyọ kan dọ́gba lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn jáde ló fi ń tò wọ́n. Kò sì sí ohun tí ẹ lè kọ sí `orderby` tó máa fi iye táàgì tí wọ́n jọ ní tò wọ́n.

Àwa la máa wọ̀n ọ́n. Kíka iye táàgì tí wọ́n jọ ní ti dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí táàgì tó ṣọ̀wọ́n wúwo ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ. Ká ní "Ìgbéyàwó" wà lórí àkóónú 50, tí "Ẹ̀tù" sì wà lórí márùn-ún. Tí a bá fi iye kọ̀ọ̀kan pín 1, ìgbéyàwó á gba 0.02, ẹ̀tù á gba 0.2. Aṣọ tó bá jọ yín ní ẹ̀tù á ṣíwájú èyí tó jọ yín ní ìgbéyàwó nìkan, bó sì ṣe yẹ kó rí lójú ẹni tó mọ aṣọ nìyẹn.

```php
function ile_aso_wa_ebi( $id, $iye = 4 ) {
    $taagi = wp_get_post_tags( $id, array( 'fields' => 'ids' ) );
    if ( empty( $taagi ) || is_wp_error( $taagi ) ) {
        return array();
    }

    $ibeere = new WP_Query( array(
        'post_type'           => 'aso',
        'post_status'         => 'publish',
        'tag__in'             => $taagi,
        'posts_per_page'      => 60,
        'no_found_rows'       => true,
        'ignore_sticky_posts' => true,
    ) );

    $iwon = array();
    foreach ( $ibeere->posts as $aso ) {
        if ( $aso->ID === $id ) {
            continue;
        }
        $maaki = 0;
        foreach ( get_the_terms( $aso->ID, 'post_tag' ) as $t ) {
            if ( in_array( $t->term_id, $taagi, true ) ) {
                $maaki += 1 / max( 1, $t->count );
            }
        }
        $iwon[ $aso->ID ] = $maaki;
    }

    arsort( $iwon );
    return array_slice( array_keys( $iwon ), 0, $iye );
}
```

Ẹ lè rò pé pípe `get_the_terms` fún aṣọ 60 á da dátábéèsì láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. WP_Query ti kó táàgì gbogbo wọn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ń kó aṣọ wá, inú cache (ìrántí ìgbà díẹ̀) ni a ti ń mú un. `no_found_rows` ń sọ fún un pé kí ó má ṣe ka àpapọ̀ iye tó wà, nítorí a kò ní pín in sí ojú ewé. Láti PHP 8.0, `arsort` kì í da àwọn tó dọ́gba rú, nítorí náà tí aṣọ méjì bá gba máàkì kan náà, èyí tó tuntun jù ni yóò ṣíwájú.

Ẹ ó rí i pé mo ti yọ `post__not_in`. A ti ń yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a kàn fo ara wa nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ ní láti mọ̀ nípa 60 yẹn: àwọn 60 tó tuntun jù la ń wọ̀n. Aṣọ àtijọ́ tó bá wọn tan gan-an lè má wọ inú rẹ̀. Fún ilé ìtajà tó ní aṣọ ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ẹ gbé e sókè sí 100 tàbí 150, kò sí ewu. Àmọ́ ẹ má ṣe kọ `-1`. Lónìí á yára. Lọ́jọ́ tí aṣọ bá di ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ojú ewé lè má ṣí mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé e sí ojú ewé

```php
add_filter( 'the_content', 'ile_aso_fi_ebi_han' );
function ile_aso_fi_ebi_han( $akoonu ) {
    if ( ! is_singular( array( 'post', 'aso' ) )
        || ! in_the_loop() || ! is_main_query() ) {
        return $akoonu;
    }
    $ebi = ile_aso_wa_ebi( get_the_ID() );
    if ( ! $ebi ) {
        return $akoonu;
    }
    $html = '<section class="aso-ebi"><h2>Àwọn aṣọ tó bá èyí lọ</h2><ul>';
    foreach ( $ebi as $eyo ) {
        $html .= '<li><a href="' . esc_url( get_permalink( $eyo ) ) . '">'
            . get_the_post_thumbnail( $eyo, 'medium' )
            . esc_html( get_the_title( $eyo ) ) . '</a></li>';
    }
    return $akoonu . $html . '</ul></section>';
}
```

Mo lo ID nìkan, mi ò pe `the_post()`. Ẹ̀yin tó bá wù láti lo loop tí gbogbo ayé mọ̀, `while ( $ibeere->have_posts() )`, ẹ gbọ́dọ̀ pe `wp_reset_postdata()` lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé, WordPress á rò pé aṣọ ìkẹyìn nínú àkójọ ni ojú ewé tí a wà: orúkọ òǹkọ̀wé, ọjọ́ àti àpótí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á di ti aṣọ yẹn.

Àwòrán `medium` ni mo lò, kì í ṣe `full`. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń wo aṣọ, dátà tiwọn ni wọ́n sì fi ń wò ó.

Ojú ewé táàgì fúnra rẹ̀

Tí ènìyàn bá tẹ táàgì "Ẹ̀tù", àpilẹ̀kọ nìkan ló máa rí níbẹ̀, kò ní rí aṣọ kankan. Ọ̀pọ̀ rò pé kóòdù àwọn ló bàjẹ́. Bí WordPress ṣe ń ṣe ojú ewé táàgì nìyẹn, kò ka custom post type sí àfi tí ẹ bá sọ fún un:

```php
add_action( 'pre_get_posts', function ( $q ) {
    if ( ! is_admin() && $q->is_main_query() && $q->is_tag() ) {
        $q->set( 'post_type', array( 'post', 'aso' ) );
    }
} );
```

Ẹ má yọ `is_main_query`. Láìsí i, kóòdù yìí á máa dá sí ìbéèrè tí kò kàn án lórí ojú ewé kan náà.

Nígbà tí "tàbí" kò tó

Nígbà mìíràn ẹ fẹ́ ojú ewé kan tó jẹ́ ẹ̀tù ìgbéyàwó nìkan: kí aṣọ ní táàgì méjèèjì. `tag__and` ń ṣe èyí, ID táàgì ló sì ń gbà. Tó bá ti kan pé kí ó jẹ́ ẹ̀tù tàbí àlàárì, kí ó jẹ́ ti ìgbéyàwó, `tax_query` ni kí ẹ lò:

```php
'tax_query' => array(
    'relation' => 'AND',
    array( 'taxonomy' => 'post_tag', 'field' => 'slug',
           'terms' => array( 'etu', 'alaari' ) ),
    array( 'taxonomy' => 'post_tag', 'field' => 'slug',
           'terms' => array( 'igbeyawo' ) ),
),
```

Ẹ̀mí mi kò gba kí a fi táàgì ṣe àmì "ó ti tà". Ipò ọjà ni èyí, kì í ṣe ìbátan, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló sì lè yí padà. Ẹ fi í sí custom field, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ fún àlàyé lórí aṣọ náà, kí táàgì lè dúró lórí ohun tí aṣọ jẹ́.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ ṣe àdáwò mẹ́rin kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà. Ẹ ṣí àpilẹ̀kọ tí kò ní táàgì: kò gbọ́dọ̀ sí àkójọ kankan níbẹ̀, àkọlé rẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ ṣí aṣọ tí òun nìkan ló ní táàgì tirẹ̀: bákan náà. Ẹ ṣí aṣọ tó ní ẹbí púpọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó wà nínú àkójọ ara rẹ̀. Ẹ wá sọ aṣọ kan di draft, kí ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín, kí ẹ sì rí i pé kò hàn níbikíbi mọ́.

Tí èsì bá rú yín lójú, ẹ fi `error_log( $ibeere->request );` sí abẹ́ ìbéèrè náà fún ìgbà díẹ̀. Á kọ SQL tí WordPress ṣe gan-an sínú fáìlì àkọsílẹ̀ àṣìṣe. Tí ẹ kò bá rí `wp_term_relationships` nínú rẹ̀, táàgì kò dé ìbéèrè yín rárá, ẹ padà lọ wo `$taagi`. Tí ẹ bá rí i, tí nọ́ńbà ID inú rẹ̀ sì pé, kóòdù yín kò ní ẹ̀sùn. Ojú ewé Tags ni kí ẹ padà sí.